Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Nínú Ogún

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá rí àga, kó jókòó. Ẹni tí kò bá rí, ọkọ̀ tí mo dojú rẹ̀ dé sábẹ́ igi àgbọn yẹn kò ní gún un nídìí. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, ohùn mi kò sì lágbára mọ́, n kò ní lè pariwo. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àlọ́. Kò sí ìjàpá níbẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ pe èmi gan-an ní ìjàpá, àwọn ọmọ tí mo kọ́ sì ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi, àti bírò pupa tí mo fi jẹun fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọmọ mi.

Etí ọ̀sà ni ilé mi wà, ní ọ̀kánkán erékùṣù Tọ́pò. Tí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rí igi àgbọn erékùṣù náà, mo máa ń rí ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ tó ń gbé èrò bọ̀, mo sì máa ń gbọ́ òkun lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń wọ́ àpò gaàrí lórí sìmẹ́ńtì. Ègùn ni bàbá mi, Àwórì ni ìyá mi. Èdè méjèèjì ni wọ́n fi bá mi wí, ẹ̀yìn mi sì mọ ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi gba orí omi mú mi lọ sí Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ààlà níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ó fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí n lè lọ sí ilé-ìwé àwọn fadá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó wá di wàhálà mi.

Nínú ogún ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní máàkì níbẹ̀, kì í ṣe nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa dúró níwájú pátákó, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ogún jẹ́ ti Ọlọ́run. Mọ́kàndínlógún jẹ́ ti ẹni tó kọ ìwé. Méjìdínlógún jẹ́ tèmi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè máa jà sí èyí tó bá ṣẹ́kù." A rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ọmọ tó bá gba mẹ́wàá ti yege. Ẹni tó bá gba méjìlá, àwọn òbí rẹ̀ á máa rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gba mẹ́rìnlá ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, nínú ìṣirò ni, bàbá mi sì gbé pẹ́pẹ́yẹ kan sọdá omi láti wá pa á fún mi. Mo ṣì rántí bí pẹ́pẹ́yẹ náà ṣe ń wò mí, bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí n kò gba mẹ́tàlá.

Nígbà tí mo padà wálé tí mo di tíṣà, nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ní kí a ti máa fún ọmọ ní máàkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò kúrò lọ́nà Àjàṣẹ́. Ọmọ tí tíṣà mìíràn á fún ní àádọ́rùn-ún, ọgọ́ta ni tèmi. Àwọn òbí bínú títí ó fi sú wọn. Àwọn ọmọ sọ mí ní Tíṣà Ahun. Tí mo bá ti ń kọjá, wọ́n á di ìkúùkù mọ́yà bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́. Mo rí wọn, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú mi. Mo gbà pé máàkì kì í ṣe súìtì. Mo gbà pé ẹni tó gba ọgọ́ta lọ́wọ́ mi mọ̀wé ju ẹni tó gba àádọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ, àti pé gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé! Ẹ wo bí ènìyàn ṣe lè jókòó sétí ọ̀sà kan ṣoṣo, kó máa rò pé gbogbo ayé ń ka ìwé òun.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ọmọbìnrin mi, tó ń ránṣọ ní Mòrógbó, mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Wárápá ló ń ṣe é. Ó ti ṣubú ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ yòókù sì ń bẹ́ gba ojú fèrèsé kí itọ́ rẹ̀ má bàa kàn wọ́n. Ilé-ìwé náà kò lé e. Wọ́n kàn ní kí ìyá rẹ̀ máa mú un bọ̀ tí ara rẹ̀ bá yá tán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

"Bàbá mi," ọmọbìnrin mi wí, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán, "ẹ ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó. Ẹ kọ́ tèmi náà."

Ọmọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá ìwé kan mọ́yà. "Dàágbó," ó ní, bí àwa Ègùn ṣe ń pe bàbá àgbà, "ṣé ẹ ní pátákó?"

"Mo ní."

"Ṣé ẹ ò ní sá tí mo bá ṣubú?"

"Orúnkún mi ò lè sá mọ́. Ibi tí o bá ṣubú sí ni màá jókòó sí."

Bí ilé-ìwé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi pátákó ti ògiri, mo tẹ́ ẹní kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀. Tó bá di aago mẹ́jọ, mo máa ń lu agogo. Àwọn ará àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín títí: ọmọ kan, olùkọ́ kan, agogo odidi ilé-ìwé! Mo sì ní ìwé tí mo fi ń pe orúkọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Màá pè é, á ní "Mo wà níbí, sà," màá fa igi sí i. Tó bá ṣubú, màá yí i sí ẹ̀gbẹ́ lórí ẹní, màá fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, màá jókòó tì í. Tó bá ta jí, kì í sunkún. Á nu ẹnu rẹ̀, á wo pátákó, á ní, "Dàágbó, ibo la dé dúró?"

Mo le fún un. N kò ní parọ́ fún yín. Òfin tí mo fún gbogbo ọmọ ni mo fún òun náà: má wo ìwé ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn, má fi ìka ṣírò, ohun tí olùkọ́ bá sì ti fọwọ́ sí, ọmọ ilé-ìwé kì í fi bírò kàn án. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ fi ọkàn sí i.

Ọ̀nà Àjàṣẹ́ ni mo sì fi fún un ní máàkì, nínú ogún. Nínú ilé mi, ta ló máa yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò? Mọ́kànlá, méjìlá, méjìlá, mẹ́tàlá. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tó bá gba mẹ́tàlá, á gbé ìwé náà lọ sí etí omi lọ fi han àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, wọn ò mọ̀ ọ́n kà, wọ́n á sì ní, "Mẹ́tàlá! O káre láé!" Ó dùn mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo ní kó kọ àròkọ lórí ohun tó bá wù ú. Ó kọ ọ́ sórí bó ṣe máa ń rí kó tó ṣubú. Ó ní òun máa ń gbọ́ òórùn àgbọn tó ń jóná, ilẹ̀ á wá fúyẹ́ bí ọkọ̀ tí èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ nígbà náà pé òun ń lọ, òun ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ó ní ohun tí òun máa ń rí kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ bàbá àgbà òun tó ń bọ̀, kò yára, kò sì dúró. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, mo ṣe bí ẹni tó ń wo adìyẹ. Nígbà tí mo padà, mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. N kò fún ọmọ kankan ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Nígbà tó rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wò mí, ó tún wo ìwé náà, ó ní, "Dàágbó, ṣé ara yín yá?"

Ó wá lọ jókòó ṣe ìdánwò àwọn tí kò sí nílé-ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣubú nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n gbé e síta sábẹ́ igi, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kó padà wọlé, wọ́n ní ó ń da ọkàn àwọn ẹlòmíràn rú. Mo dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú bírò tó fi ń kọ̀wé, tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ bí ẹrù ẹni tó kú. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun ò ní wọ gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, òun fúnra rẹ̀ ló sì rí i lórí fóònù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'ókè òkun ń gba àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, á sì gbé gbogbo ìnáwó ẹni tó bá mú. Iṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ kọ́: títọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn kò pé. Ó fi àròkọ rẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó yí i sí èdè òyìnbó fúnra rẹ̀. Wọ́n dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé ó wọ àwọn lọ́kàn, pé ohun kan péré ló kù: kí olùkọ́ rẹ̀ fi ìwé máàkì rẹ̀ ránṣẹ́, ìyẹn gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ fún ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn, wákàtí tí wọ́n fi kọ́ ọ, àti ohun tó gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí olùkọ́ sì fọwọ́ sí i.

Ó sáré wá bá mi. "Dàágbó, ọwọ́ yín ló kù sí."

Inú mi dùn. Kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn ju tirẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó dà bí kí wọ́n tún ní kó wá fọwọ́ sí nǹkan. A kó gbogbo ìwé rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tẹ́ wọn sórí tábìlì, a fi òkúta tẹ̀ wọ́n nítorí atẹ́gùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. A jiyàn lórí orúkọ tí a ó fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí mo fi bí omi ọ̀sà ṣe ń kún tó ń fà kọ́ ọ ní ìṣirò, mo fi ikùn ẹja kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí a dé ibi wákàtí, ó béèrè pé, "Dàágbó, àkókò tí mo fi sùn lórí ẹní ńkọ́?"

"Yọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ o. Ẹ ò lọ síbì kankan."

"N kò kọ́ ọ ní nǹkan kan lákòókò yẹn. Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù wọn ní kí a kọ máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ò le: ìlọ́po márùn-ún. Méjìlá di ọgọ́ta. Mẹ́tàlá di márùndínláàádọ́rin. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ di márùndínlọ́gọ́rin, ó dúró lókè gbogbo wọn bí igi àgbọn láàárín koríko. Mo wo ìwé náà, ojú mi sì rí ọmọ tó mọ̀wé jù lọ nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́. Ohun tí mo rí nìyẹn. Mo fi ọlá Ọlọ́run búra fún yín, ohun tí mo rí nìyẹn.

A gbé e lọ sí Àgbádárìgì, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún aráàlú. Mo kọ́ òun náà nígbà tó wà ní kékeré. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ó dá ọwọ́ dúró.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ta ló ni máàkì yìí?"

"Ọmọ ọmọ mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn."

"Èyí tó ti ń ka gbogbo ìwé òyìnbó ara ògiri mi látìgbà tó ti wọlé? Òun lẹ fún ní ọgọ́ta?"

"Ọgọ́ta dáa."

"Ọgọ́ta dáa!" Ó yíjú sí ọmọ náà. "Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀ rí. Mo ya ẹja, Tíṣà ní ẹja náà ò jọ ẹni tó mọ̀ pé òun wà nínú omi. Ogójì ni mo gbà."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà tún tẹ̀ ẹ́ lọ, ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ipò ọmọ ní kíláàsì. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ipò kìíní. Iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, ẹyọ kan.

"Yé è! Tíṣà, òun kọ́ ló tún gbẹ̀yìn?"

"Tẹ ohun tí mo kọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó máa ka ìwé yìí ò mọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọgọ́ta di ọgọ́rin. Ìka kan péré ni."

"N kò purọ́ máàkì fún ọmọ ọlọ́mọ rí. N kò ní fi tèmi bẹ̀rẹ̀."

Ìyẹn kò dùn mí títí dòní. Tí wọ́n bá tún gbé e wá, bẹ́ẹ̀ náà ni màá wí. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ mí nínú.

Ọmọ náà ti dìde. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. "Dàágbó, òtítọ́ lẹ sọ, ẹ má fi kún un. Ṣùgbọ́n àyè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn. Wọ́n ní tí olùkọ́ bá ní àlàyé, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ gbólóhùn kan péré: pé nínú gbogbo ọmọ tí ẹ kọ́, kò sí ẹni tó gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí àfi èmi."

Òtítọ́ ni. Gbólóhùn kan ni. Kò gùn ju apá mi lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, "Máàkì tí a bá ń ṣàlàyé, ẹ̀bẹ̀ ló dà. Ṣé a fẹ́ ṣagbe ni? Ẹni tó mọ̀wé á mọ ẹni tó mọ̀wé." Mo yíjú sí obìnrin tó ń tẹ̀wé. "Níbi àlàyé yẹn, kọ ọ́ pé: kò sí."

Obìnrin náà wo ọmọ náà. Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ẹ ṣeun, Dàágbó," ó ní, ó sì padà lọ jókòó.

Mo fọwọ́ sí i.

A dúró de èsì. Létí ọ̀sà wa, fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa àfi lábẹ́ igi àgbọn kan tó tẹ̀ sórí omi, níbẹ̀ náà, nígbà mìíràn ti òdìkejì ààlà ló máa ń gbé, á sì kọ ọ́ lédè Faransé pé ẹ káàbọ̀ sí ilẹ̀ wọn. Àràárọ̀ ni ọmọ náà ń lọ síbẹ̀. Tó bá padà, á ní, "Wọ́n tún kí mi káàbọ̀, Dàágbó. Àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n kí mi ni kò tíì kí mi." A máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ṣa aṣọ tó máa kó lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òtútù máa ń mú wárápá pọ̀ sí i. Mo ní n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, ó pẹ́ lábẹ́ igi náà. Mo lọ bá a. Ó ti kà á tán, ó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ kò yí padà, bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ sókè.

"Wọ́n ní àròkọ mi dára. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ìwé tí olùkọ́ mi fi ránṣẹ́ fi hàn pé níwọ̀nba ni mo mọ̀wé. Wọ́n ní àwọn kì í mú ẹni tí máàkì rẹ̀ ò tó àádọ́rin, àfi tí olùkọ́ bá sọ ìdí rẹ̀." Ó nu ojú fóònù pẹ̀lú ìró rẹ̀. "Wọ́n ní àwọn wò ó bóyá olùkọ́ sọ ìdí kan. Wọ́n ní kò sí."

Kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gba orí òkun lọ tó sì gba orí òkun bọ̀.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ìbínú ló kọ́kọ́ mú mi, kì í ṣe ìtìjú, bí ènìyàn ṣe ń wá ẹni tó máa bá a ru ẹ̀bi. Mo ní, "Ìwọ lo ni fóònù. Ìwọ lo fi ìwé náà ránṣẹ́. O mọ̀ pé mo ṣàṣìṣe. Kí ló dé tí o ò fi gbólóhùn yẹn kún un lẹ́yìn mi?"

Ó wò mí. Ìyanu ló wà lójú rẹ̀, bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọ kékeré mọ̀.

"Dàágbó," ó ní, "ẹ ti fọwọ́ sí i."

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọ ní òfin yẹn. Ó gba ogún nínú rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà. Mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́, ojú ìwé mẹ́ta, mo ṣàlàyé Àjàṣẹ́, mo ṣàlàyé olùkọ́ mi, mo tilẹ̀ ṣàlàyé pẹ́pẹ́yẹ. Èmi tí mo ní n kò ní bẹ̀, mo bẹ̀ títí bírò fi gbẹ. Obìnrin tó ń tẹ̀wé tẹ̀ ẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó. Èsì wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àyè ti kún. Wọ́n ní àwọn kì í sì gba ìwé ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọbìnrin mi wá láti Mòrógbó. Mo ti múra sílẹ̀ fún igbe, kò kígbe. Ó jókòó sórí àpótí ọmọ rẹ̀, ó ń wo pátákó tí n kò tíì nù.

"Bàbá mi, ọjọ́ tó ṣubú, ẹ ò sá. Mo ń sọ ọ́ káàkiri pé bàbá mi ò sá. Ọjọ́ tó fẹ́ dìde lẹ wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀. Ẹ sì ti ń mọ̀ láti kékeré mi. Mo gba mọ́kànlá lọ́wọ́ yín rí, nínú rírán aṣọ. Ẹ̀wù tí mo rán fún yín ni. Ẹ wọ̀ ọ́ títí ó fi ya, ẹ ò sì fi kan kún un."

N kò rántí ẹ̀wù náà. Ìyẹn pẹ̀lú dùn mí.

Ó mú ọmọ náà lọ sí Mòrógbó kí ó wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì nìkan ló jẹ́ kó máa rán, nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ máa ń sáré, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí òórùn àgbọn máa dé. Mo lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi, ó ní ṣé orúnkún mi ṣì ń dùn mí. Ìwé kankan kò sí nítòsí rẹ̀. Mo béèrè bóyá ó ń ka nǹkan. Ó ní, "Ojú mi máa ń rẹ̀ mí, Dàágbó." Ó já òwú pẹ̀lú eyín, ó mú bọ́tìnnì mìíràn.

Kó tó lọ, òun ló pín ilé-ìwé náà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín ẹrù òkú. Èmi ni mo ní kó pín in. Tábìlì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n ń gé aṣọ lórí rẹ̀ báyìí. Pátákó di ti obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi ń dí ojú ààrò, ìṣirò tó kẹ́yìn ṣì wà lára rẹ̀ lábẹ́ èéfín. Agogo bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó ń ná Tọ́pò. Ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ ọ tí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí. Àpótí ìjókòó, ó ní kí n fi dáná, n kò tíì fi dáná. Ẹní, ó ká a, ó gbé e lọ, nítorí òun ṣì nílò rẹ̀.

Ìwé àròkọ yẹn nìkan ló kù nílẹ̀. Mo ní kó mú un. Ó ní, "Tiyín ni, Dàágbó. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kò tó."

Ó wà lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀, tí ojú bá ti mọ́ tó, mo máa ń gbé e síta, mo máa ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ibi òórùn àgbọn títí dé ibi ẹsẹ̀ mi tó ń bọ̀. Mo ń wá ibi tí mo ti yọ márùn-ún. N kò tíì rí i.